Bí ẹ ṣe lè fọwọ́ ara yín wádìí 2,147,483,647, nọ́ńbà tí kò ṣeé pín

Ní Kétu, ní ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀, bí ọjà bá ti ń tú, àwọn ìyá aláta máa ń kó tòmátì tó kù jọ sí òkìtì òkìtì. Mo jókòó ti ọ̀kan nínú wọn ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń dúró de ọmọ tí mò ń kọ́ ní ìṣirò fún BAC, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde nílé-ìwé girama. Tòmátì mẹ́tàdínlógún ló kù nílẹ̀. Ìyá kó wọn ní mẹ́ta-mẹ́ta, méjì ṣẹ́kù. Ó tú u ká, ó kó wọn ní mẹ́rin-mẹ́rin, ọ̀kan ṣẹ́kù. Ó kó wọn ní márùn-ún márùn-ún, méjì tún ṣẹ́kù. Ó pòṣé, ó da gbogbo rẹ̀ sínú ọ̀rá kan, ó ní kí n mú 200 sẹ́fà wá kí n máa gbé e lọ.

Iye tí kò ṣeé kó sí òkìtì tó dọ́gba bẹ́ẹ̀, àfi ká dà á pọ̀ sójú kan tàbí ká tò ó ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, òun là ń pè ní nọ́ńbà àkọ́kọ́. 1 fúnra rẹ̀ kò sí lára wọn. Láti orí 2 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Èdè Faransé ni wọ́n fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa nílé-ìwé, nombre premier ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí. Orúkọ méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí kò sí èyí tó sọ ìwà nọ́ńbà náà nínú wọn, ṣùgbọ́n èyí tí ayé mọ̀ ni n ó máa lò.

Ọmọ náà dé lálẹ́, ó gbé ìbéèrè wá. Níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ó pàdé 2,147,483,647, wọ́n sì sọ fún un pé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ta ló jókòó pín in tán tó fi mọ̀?”

Ìbéèrè ọlọ́gbọ́n ni. Èmi náà ti jókòó tì í rí nígbà tí mo wà nílé-ìwé. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí 3, mo pín in sí 7, sí 11, sí 13, mo ń bá a lọ bẹ́ẹ̀ fún alẹ́ mẹ́rin. Mo dé nǹkan bí 1,000, ìwé mi tán, mo sì jáwọ́. Ohun tí n kò mọ̀ nígbà náà ni pé èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn tí mo fi ń pín in kò tilẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà tí n kò bá ti gbà ni mo fẹ́ fi hàn yín. Ẹ wá ìwé kan, bíró kan àti fóònù tó ní ẹ̀rọ ìṣirò.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: ẹ bi í léèrè orúkọ rẹ̀

Òǹkà Yorùbá kì í fi ìran pamọ́. Bí mo bá pe mẹ́tàdínlógún, ẹnu mi ti sọ pé ogún ni mo ti yọ mẹ́ta kúrò. Ṣùgbọ́n 2147483647 tí a tò kalẹ̀ báyìí kò sọ ibi tó ti wá. Bí a bá tilẹ̀ fi ọ̀kẹ́ kà á bí àwọn baba wa ṣe ń ka owó ẹyọ, yóò jẹ́ 107,374 ọ̀kẹ́ ó lé 3,647. Ìyẹn náà kò là wá lọ́yẹ̀.

Orúkọ rẹ̀ gan-an rèé: ẹ mú 2, ẹ fi 2 lọ́po rẹ̀ títí 2 yóò fi pé mọ́kànlélọ́gbọ̀n nínú ìsọdipúpọ̀ náà, kí ẹ wá yọ ọ̀kan kúrò. A máa ń kọ ọ́ ní 2³¹ − 1. Ẹ fọwọ́ yín ṣe é báyìí, kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún:

2¹⁰ = 1,024
2²⁰ = 1,024 × 1,024 = 1,048,576
2³⁰ = 1,048,576 × 1,024 = 1,073,741,824
2³¹ = 2,147,483,648

Ẹ yọ ọ̀kan. Ó dín kan. Mo máa ń pe irú wọn ní adínkan. Marin Mersenne, àlùfáà ọmọ ilẹ̀ Faransé tó to àwọn kan lára wọn kalẹ̀ ní 1644, ni àwọn onímọ̀ ìṣirò fi ń sọ wọ́n lórúkọ.

31 tó wà lókè yẹn kì í ṣe nọ́ńbà lásán. Ẹ wo 2⁶ − 1, ìyẹn 63. A lè pín 6 sí 3 àti 3. Bí a bá pín 2³, ìyẹn 8, sí 7, ó ṣẹ́ku 1. 2⁶ sì jẹ́ 2³ ní ọ̀nà 2³, nítorí náà òun náà yóò ṣẹ́ku 1 × 1, ìyẹn 1. Bí ẹ bá wá yọ ọ̀kan, kò sí ohun tó ṣẹ́kù: 7 ti pín 63 tán. Bẹ́ẹ̀ ló ń rí nígbàkígbà tí nọ́ńbà òkè bá ṣeé pín. Adínkan kankan kò lè jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ bí nọ́ńbà òkè rẹ̀ kò bá jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. 31 kò ṣeé pín, nítorí náà ewu yìí kò kan tiwa.

Àmọ́ kí ẹ má ṣe tíì yọ̀. 11 náà kò ṣeé pín, síbẹ̀ 2¹¹ − 1 = 2,047, ìyẹn 23 × 89. Ẹ fi 23 àti 89 yìí sọ́kàn, a óò padà bá wọn.

Ìgbésẹ̀ kejì: àwọn ìdánwò tí kò náni ní nǹkan

Ẹyọ tó gbẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ 7, nítorí náà 2 àti 5 ti kúrò níbẹ̀. Ẹ ro àwọn ẹyọ rẹ̀ pọ̀: 2+1+4+7+4+8+3+6+4+7 = 46, èyí tí 3 kò lè pín. Fún 11, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọwọ́ ọ̀tún, ẹ máa fi ọ̀kan kún, ẹ máa yọ ìkejì: 7−4+6−3+8−4+7−4+1−2 = 12. Bí 11 bá kúrò nínú 12, ó ku 1. 11 náà ti kùnà.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ mọ ibi tí ẹ óò dúró sí

Méjì-méjì ni àwọn tó ń pín nọ́ńbà máa ń rìn. Bí ẹnìkan bá pín in, èsì ìpín náà ni ẹnìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì kò lè tóbi jù papọ̀. Ọ̀kan gbọ́dọ̀ kéré. Nítorí náà, ẹ wá nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi òun fúnra rẹ̀ lọ́po ara rẹ̀, yóò súnmọ́ tiwa láìkọjá rẹ̀. 46,340 × 46,340 = 2,147,395,600, kò tíì kọjá. 46,341 × 46,341 = 2,147,488,281, ó ti kọjá. Bí ẹ bá dé 46,340 láìrí ẹni tó pín in, ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìròyìn ayọ̀ ni, ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó wà nísàlẹ̀ 46,340 lé ní 4,700. Èmi tí mo lo alẹ́ mẹ́rin, 168 péré ni mo ti ṣe nínú wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹnu ọ̀nà àkọ́kọ́

Ẹni tó bá ti dé Kétu mọ Àkàbà Ìdènà, ẹnu ibodè àtijọ́ tí odi àti yàrà ìlú yí ká. Láyé àtijọ́, àlejò kì í gba ibi tó bá wù ú wọ Kétu. Nọ́ńbà wa náà ní odi àti ibodè, orúkọ rẹ̀ ló sì ń sọ ẹni tó lè gba ibẹ̀ wọlé. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà, ẹ jẹ́ ká rọra rìn.

Ẹ mú 7. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, kí ẹ máa kọ ohun tó ṣẹ́kù nígbà tí ẹ bá pín in sí 7: 1, 2, 4, 1, 2, 4, 1. Ó ń padà sí 1 lẹ́yìn ìṣísẹ̀ mẹ́ta-mẹ́ta. Ẹ mú 31: 1, 2, 4, 8, 16, 1. Ìṣísẹ̀ márùn-ún. Ẹ mú 23 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn: 1, 2, 4, 8, 16, 9, 18, 13, 3, 6, 12, 1. Ìṣísẹ̀ mọ́kànlá.

Ọjà ni èyí. Bí ọjà ìlú kan bá ń ná ní ọjọ́ kan, tó sì ní iye ọjọ́ tó fi ń padà, gbogbo ọjọ́ tí ẹ bá bá a níbẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po iye ọjọ́ náà. (Ẹ ṣọ́ra o: àwa máa ń ka ọjọ́ tí a wà mọ́ ọn, ìdí nìyẹn tí ọjà tó ń padà ní ọjọ́ mẹ́rin-mẹ́rin fi ń jẹ́ ọlọ́rọọrún. Nínú ìṣirò yìí, ìṣísẹ̀ là ń kà, a kì í ka ibi tí a ti gbéra.)

Ẹ jẹ́ ká ní nọ́ńbà àkọ́kọ́ kan wà tó lè pín 2³¹ − 1. Ká pè é ní q. Bí q bá pín 2³¹ − 1 tán, á jẹ́ pé 2³¹ máa ṣẹ́ku 1 lọ́wọ́ q. Ọjà q ń ná ní ìṣísẹ̀ kọkànlélọ́gbọ̀n nìyẹn. Iye ìṣísẹ̀ tí ọjà q fi ń padà gbọ́dọ̀ lè pín 31. Àwọn tó lè pín 31 kò ju 1 àti 31 lọ. Kò lè jẹ́ 1, nítorí ìyẹn yóò túmọ̀ sí pé 2 fúnra rẹ̀ ṣẹ́ku 1 lọ́wọ́ q, èyí tí kò ṣeé ṣe. Nítorí náà 31 gan-an ni.

Ní 1640, Pierre de Fermat, adájọ́ kan ní ìlú Toulouse tó ń fi ìṣirò ṣeré, kọ ọ́ sínú lẹ́tà pé fún nọ́ńbà àkọ́kọ́ q tí kì í ṣe 2, bí a bá sọ 2 di ìlọ́po títí dé ìṣísẹ̀ q − 1, yóò ṣẹ́ku 1. Ẹ dán an wò lórí 7: 2⁶ = 64, ìyẹn 63 ó lé 1. Ọjà q tún ń ná ní ìṣísẹ̀ q − 1 nìyẹn. Ọjà tó ń padà ní ìṣísẹ̀ 31 kò lè ná ní q − 1 bí q − 1 kò bá jẹ́ ìlọ́po 31. q kò sì lè jẹ́ nọ́ńbà tí 2 ń pín, nítorí náà q − 1 ṣeé pín sí méjì pẹ̀lú. Ẹ pa méjèèjì pọ̀: q − 1 gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 62.

Ẹni tó bá fẹ́ pín nọ́ńbà wa gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 62 ó lé kan. Ẹlòmíràn kò gbọdọ̀ sún mọ́ ibodè. 3, 7, 11, 13, 17 tí mo fi alẹ́ mẹ́rin pín, kò sí ọ̀kan tó jẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú wọn.

Ẹ wo 2,047 bí ẹ bá ń ṣiyèméjì. Nọ́ńbà òkè rẹ̀ jẹ́ 11, nítorí náà ìlọ́po 22 ó lé kan ló lè wọlé. 23 jẹ́ 22 ó lé kan. 89 jẹ́ 88 ó lé kan.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ì bá gba Pietro Cataldi, ọmọ Ítálì, lọ́wọ́ àṣìṣe. Nínú ìwé kan tó tẹ̀ jáde ní 1603, ó sọ pé bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ 17, 19, 23, 29, 31 tàbí 37, adínkan náà jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́. 17 àti 19 tọ̀nà. Nínú mẹ́rin tó kù, 31 nìkan ló bọ́ sí i. Ẹ wo ti 23: ìlọ́po 46 ó lé kan ló lè wọ 2²³ − 1, ìyẹn 8,388,607. Ẹni àkọ́kọ́ tó kan ilẹ̀kùn ni 47. Ẹ pín in: 47 × 178,481. Ìpín ẹyọ kan péré! Fún 29, 233 ló wọlé. Fún 37, 223 ni. Ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú 233 kí ẹ pín in sí 58, ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú 223 kí ẹ pín in sí 74, ẹ ó rí i pé ibodè ni wọ́n gbà.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ẹnu ọ̀nà kejì

2³¹ ṣẹ́ku 1 lọ́wọ́ q, nítorí náà 2³² máa ṣẹ́ku 2. Ṣùgbọ́n 2³² jẹ́ 65,536 × 65,536. Ìyẹn ni pé nọ́ńbà kan wà tó jẹ́ pé bí a bá fi í lọ́po ara rẹ̀, tí a sì pín in sí q, 2 ló máa ṣẹ́kù. Kì í ṣe gbogbo nọ́ńbà àkọ́kọ́ ló ń gbà bẹ́ẹ̀. 7 gbà: 3 × 3 = 9, ó ṣẹ́ku 2. 17 gbà: 6 × 6 = 36, ó ṣẹ́ku 2. 5 kò gbà, 11 kò gbà. Ẹ gbé gbogbo nọ́ńbà tó wà lábẹ́ wọn lọ́po ara rẹ̀ wò. Òfin rẹ̀ ni pé àwọn tí wọ́n bá ṣẹ́ku 1 tàbí 7 nígbà tí a pín wọn sí 8 nìkan ló ń gbà. Ẹ̀rí òfin yìí gùn, n kò ní gbé e wá síbí. Ẹ dán an wò lórí ogún nọ́ńbà àkọ́kọ́, ẹ ó rí i pé kò yẹ̀.

Nínú ìlọ́po 62 ó lé kan, mẹ́rin àkọ́kọ́ ni 63, 125, 187 àti 249. Bí a bá pín wọn sí 8, wọ́n ṣẹ́ku 7, 5, 3 àti 1. Àkọ́kọ́ àti ìkẹrin ló kọjá. Méjì àárín padà sílé. Bẹ́ẹ̀ ni yóò máa rí lọ ní mẹ́rin-mẹ́rin. Nítorí náà ìdílé méjì péré ló kù: ìlọ́po 248 ó lé 1, àti ìlọ́po 248 ó lé 63.

Láti ibẹ̀ dé 46,340, ìdílé àkọ́kọ́ ní 186, ìdílé kejì ní 187. 373 ni gbogbo wọn. 63 tó wà lára wọn kò yẹ ká jókòó tì í, 3 ń pín in. Ó ku 372.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: ẹ to orúkọ wọn, kí ẹ sì fa igi lé àwọn ayédèrú

Bí 372 bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ẹ máa pín lọ. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà àkọ́kọ́ nìkan la nílò, púpọ̀ nínú àwọn 372 yìí ni kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ to ìdílé méjèèjì pọ̀ láti kékeré:

63, 249, 311, 497, 559, 745, 807, 993, 1055, 1241, 1303, 1489...

3 mú 63, 249, 807 àti 993. 5 mú 745 àti 1055. 7 mú 497. 13 mú 559. 1241 ló máa ń tan àwọn ọmọ mi jẹ, nítorí ó dán bíi nọ́ńbà àkọ́kọ́. 17 × 73 ni. Ó ku 311, 1303 àti 1489. Mẹ́ta nínú méjìlá. Bí ẹ bá ṣe é dé òpin, àwọn tó máa kù kò ní tó ọgọ́rùn-ún. Láti ibi tó lé ní 4,700, a ti bọ́ sí iye tí ẹnìkan lè parí láàárín ọjọ́ méjì, kó sì tún ráyè lọ sọ́jà.

Ìgbésẹ̀ keje: ìpín tí kì í jẹ́ kí nọ́ńbà tóbi

Ẹ lè fi fóònù pín 2147483647 sí 311 ní tààrà. Ẹ ó rí 6905092 àti àmì ìdá lẹ́yìn rẹ̀. Bí ìdá bá ti tẹ̀lé e, kò pín tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ìṣirò kékeré tí àwọn oníṣòwò wa ń lò, ojú mẹ́jọ ni púpọ̀ nínú wọn ní, mẹ́wàá sì ni nọ́ńbà wa. Àṣìṣe ni ẹ̀rọ náà yóò kọ sí ojú rẹ̀. Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí, ìwé àti bíró tó o:

Fún 311, ohun tó ṣẹ́kù nìkan la ó máa gbé lọ. 2⁸ = 256. 2⁹ = 512, ẹ yọ 311, ó ku 201. 2¹⁰: 402, ẹ yọ 311, ó ku 91. Ní báyìí a fò: 2²⁰ jẹ́ 91 × 91 = 8,281. 311 wọ inú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ìyẹn 8,086, ó ku 195. 2³⁰ jẹ́ 195 × 91 = 17,745, ẹ yọ 17,727, ó ku 18. 2³¹ jẹ́ 36. Ẹ yọ ọ̀kan: 35. Kò di òfo, nítorí náà 311 kò pín in.

Fún 1303, 2¹⁰ jẹ́ 1,024. Nígbà tó jẹ́ pé ó súnmọ́ 1303, ó rọrùn láti pè é ní gbèsè: 1303 ó dín 279. Gbèsè lọ́nà gbèsè di èrè, 279 × 279 = 77,841, ẹ yọ 76,877, ó ku 964, tó jẹ́ gbèsè 339. 339 × 279 = 94,581, ẹ yọ 93,816, ó ku 765. Ìlọ́po méjì rẹ̀ 1,530, ẹ yọ 1,303, ó ku 227. Ẹ yọ ọ̀kan: 226. Òun náà kùnà. Fún ẹni tí ọ̀nà “ó dín” ti mọ́ lẹ́nu láti kékeré nínú òǹkà, èyí kì í le.

1489 ni kí ẹ fúnra yín ṣe. Bí ẹ bá rí 199, ẹ ti mọ̀ ọ́n.

Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyẹn títí dé ẹni ìkẹyìn lórí ìwé yín. Kò sí ọ̀kan tí yóò di òfo. Leonhard Euler ló kọ́kọ́ ṣe é délé, ní 1772, nínú lẹ́tà kan. Ojú Euler ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ tán nígbà náà. Nọ́ńbà yìí ló sì jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ tó tóbi jù tí ẹ̀dá mọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Bí ẹ kò bá fẹ́ wá àwọn tó lè pín in

Ọ̀nà kan wà tí kò ní ká máa wá ẹni tó lè pín in kiri. Édouard Lucas, ọmọ ilẹ̀ Faransé, ló gbé e jáde, ní 1876 ló fi jẹ́rìí 2¹²⁷ − 1 tó ní ojú 39. Lehmer, ará Amẹ́ríkà, sì tún un ṣe lẹ́yìn náà. Àwọn adínkan nìkan ló wà fún. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti 4. Ẹ fi í lọ́po ara rẹ̀, ẹ yọ 2, ẹ pín in sí adínkan náà, ẹ mú ohun tó ṣẹ́kù, kí ẹ tún bẹ̀rẹ̀. Bí nọ́ńbà òkè bá jẹ́ p, ẹ ó ṣe é ní ìgbà p − 2. Bí ó bá parí sí òfo, nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni. Bí kò bá parí sí òfo, kì í ṣe.

Ẹ fi 127 gbìyànjú rẹ̀, ìyẹn 2⁷ − 1, ìgbà márùn-ún:

4 × 4 − 2 = 14
14 × 14 − 2 = 194, ó ṣẹ́ku 67
67 × 67 − 2 = 4,487, ó ṣẹ́ku 42
42 × 42 − 2 = 1,762, ó ṣẹ́ku 111
111 × 111 − 2 = 12,319, ó jẹ́ 127 × 97 gééré. Òfo.

Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí òfo yẹn, mo dìde lórí àga. Fún tiwa, ìgbà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni. Ẹ má fi fóònù ṣe èyí o: nọ́ńbà àárín rẹ̀ lè ní ojú 19, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ ìṣirò fóònù yóò sì gé ìrù rẹ̀ láìsọ fún yín, ẹ ó wá máa bínú sí Lucas. Kọ̀ǹpútà tó ní Python, èdè kan tí wọ́n fi ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, ni kí ẹ lò:

m = 2**31 - 1
s = 4
for i in range(29):
    s = (s*s - 2) % m
print(s)

0 ló máa kọ. Ọ̀nà kan náà yìí, pẹ̀lú àwọn kọ̀ǹpútà púpọ̀ káàkiri ayé, ni wọ́n fi fìdí 2¹³⁶²⁷⁹⁸⁴¹ − 1 múlẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2024. Ojú 41,024,320 ni nọ́ńbà yẹn ní. Luke Durant ló rí i.

Kí ni ẹ máa fi ṣe?

Ẹ lọ́po nọ́ńbà wa pẹ̀lú 2³⁰, ẹ ó rí 2,305,843,008,139,952,128. Bí ẹ bá ro gbogbo àwọn tó lè pín in pọ̀, láìka òun fúnra rẹ̀, iye rẹ̀ gan-an ni ẹ óò rí. Àwọn kékeré irú rẹ̀ ni 6, nítorí 1+2+3 = 6, àti 28, nítorí 1+2+4+7+14 = 28. Bẹ́ẹ̀ ni adínkan kọ̀ọ̀kan tó jẹ́ nọ́ńbà àkọ́kọ́ ṣe ń bí ọ̀kan. Tiwa ló bí ìkẹjọ.

Nínú kọ̀ǹpútà, òun ni iye tó tóbi jù tí àpótí tó ní àyè 32 fún 0 tàbí 1 lè gbà, bí a bá fi àyè kan sílẹ̀ fún àmì èrè tàbí gbèsè. Ibẹ̀ ni ọmọ mi ti pàdé rẹ̀. Àwọn kọ̀ǹpútà kan sì ń ka aago láti ìbẹ̀rẹ̀ 1970, ìṣẹ́jú-àáyá kan tẹ̀lé òmíràn, sínú irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ní ọjọ́ 19 oṣù kìn-ín-ní 2038, ní aago mẹ́rin ìdájí kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú-àáyá 7 ní Kétu, àpótí náà yóò kún. Ẹ̀rọ tí wọn kò bá tún ṣe ṣáájú ọjọ́ náà yóò rò pé 1901 ni.

Ẹ rántí pé 2 ń padà sí 1 lẹ́yìn ìṣísẹ̀ 31 péré lórí nọ́ńbà yìí. 7 kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ẹ bá ń fi 7 lọ́po, yóò kan gbogbo 2,147,483,646 ilé kó tó padà síbi tó ti gbéra. Ìwà yìí ni àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà ń lò láti mú nọ́ńbà jáde bíi pé wọ́n ń ta ayò: 16,807, tó jẹ́ 7⁵, ni wọ́n fi ń lọ́po.

Iṣẹ́ àṣetiléwá

Láti ọjọ́ 30 oṣù kọkànlá 2024, wọ́n ti fi 01 síwájú gbogbo nọ́ńbà fóònù ní Bẹ̀nẹ̀. Ẹ kọ tiyín sílẹ̀, ẹ fi òfo iwájú sílẹ̀, ó di nọ́ńbà olójú mẹ́sàn-án. Ṣé nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni?

Ó kéré sí 2,147,483,647 níye dáadáa, ṣùgbọ́n kò ní orúkọ. Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù ló kàn fún yín, kò wá láti ìlọ́po kankan, kò dín kan, kò lé kan. Kò ní ibodè. Gbogbo nọ́ńbà àkọ́kọ́ títí dé nǹkan bí 14,000 ló lè wọ̀ ọ́, wọ́n sì lé ní 1,600. Ọmọ náà gbọ́ èyí, ó wo fóònù rẹ̀ pẹ́, ó ní òun yóò bẹ̀rẹ̀ lọ́la.

Tèmi parí sí 5. N kò ṣe wàhálà kankan.